KÌ Í ṢE ỌJỌ́ OGBÓ NÌKAN LÓ Ń ṢẸ́ EGUNGUN ÀWỌN BÀBÁ WA

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ní Gàmbàrí níbí, bí àgbà kan bá ṣubú tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé, "Ọjọ́ ogbó ni." Àwa kò gbà. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí bàbá náà ṣe jẹun. Alábàárù tó ru sìmẹ́ńtì ni, tàbí òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ ìlọ-ọkà, tàbí awakọ̀ tó fi ọgbọ̀n ọdún fa èéfín símú. Ikọ́ rẹ̀ kò lọ mọ́, bó bá rìn díẹ̀, èémí á tán.

Eruku àti èéfín a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró tó gbọgbẹ́ kì í dá jìyà: oró rẹ̀ a bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé inú egungun. Ẹni tí èémí rẹ̀ kò tó kì í lè rìn, egungun tí kò sì ríṣẹ́ ṣe a máa fúyẹ́ bí igi tí ikán jẹ. Sìgá ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, ó ń jẹ egungun. Oògùn bíi prednisolone, tó ń mú kí èémí rọlẹ̀, a máa sọ egungun di ẹlẹgẹ́ bí a bá lò ó pẹ́. Ikọ́ líle nìkan tilẹ̀ lè ṣẹ́ egungun ìhà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe já oògùn rẹ̀ sílẹ̀ lójijì o, ewu ni! Kí ó bi dókítà pé, "Egungun mi ńkọ́?"

Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ó kéré tán náírà 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò NSITF. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó wa. Òfin náà ka àìsàn tí iṣẹ́ fà mọ́ ìpalára. Láàárín ọjọ́ 14 ni ká fi tó agbanisíṣẹ́ létí, ká sì béèrè ẹ̀san kí ọdún 1 tó pé. Àwọn ọ̀gá mìíràn mọ èyí, wọ́n dákẹ́.

Wọ́n á ní ilé ni bàbá ti ṣubú. Òótọ́ ni, ilé ló ti ṣubú, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ ni egungun náà ti di ẹlẹgẹ́!

Nítorí náà, a ń fẹ́ ìbòmú gidi, a ń fẹ́ àyẹ̀wò àyà lọ́dọọdún, a sì ń fẹ́ kí wọ́n ka egungun tó ṣẹ́ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró tó bàjẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò ẹ̀san. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ má dákẹ́!

Ìṣọ̀kan ni agbára wa!