Lẹ́tà Offer Kì Í Ṣe Kọ́kọ́rọ́ Ilé

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí láìfi epo bọ iyọ̀. Àṣà kan ti wọ àárín wa tí ó lè gba ilé mọ́ ìdílé lọ́wọ́, ọwọ́ àwa ará ìjọ sì wà níbẹ̀.

Bí lẹ́tà offer bá ti ti báǹkì dé pé wọn yóò yá tọkọtaya kan ní owó mọ́gẹ́ẹ̀jì, ariwo ìdúpẹ́ ti sọ nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, wọn yóò jáde síwájú ìjọ, wọn yóò jẹ́rìí pé Olúwa ti fún àwọn ní ilé, gbogbo wa yóò sì pariwo Halelúyà. Ìdúpẹ́ kò burú. Ohun tí ó burú ni èyí tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Sátidé lẹ́yìn náà. Wọn yóò gba ilé ìtajà lọ, wọn yóò ra sófà, bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì, àti tẹlifíṣọ̀n tí ó fẹ̀ bí ògiri, gbogbo rẹ̀ lórí kírẹ́díìtì káàdì. Ilé tí wọn kò tíì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ra ẹrù sí. Àwa náà kò sì jẹ́ kí wọ́n sinmi: “Ìgbà wo ni a ń bọ̀ wá jẹ ìrẹsì? A ò ní jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ o!” Bí ẹnì kan bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń kánjú, wọn a ní nínú ìgbàgbọ́ ni àwọn ń rà á. Kírẹ́díìtì káàdì kì í ṣe ìgbàgbọ́. Owó olówó ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, lẹ́tà offer kì í ṣe owó. Ìlérí ni, ìlérí náà sì ní àdéhùn nínú. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn lọ́yà yóò ṣì máa wádìí ilé àti ilẹ̀, wọn yóò wá ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé àdéhùn, èyí tí wọ́n ń pè ní exchange, kí ọjọ́ completion tó dé. Ọjọ́ yẹn ni báǹkì yóò fi owó ránṣẹ́, tí ẹ̀yin yóò sì gba kọ́kọ́rọ́. Gbogbo èyí lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó lè gba oṣù. Ní gbogbo àkókò náà, báǹkì lè padà lọ wo àkọsílẹ̀ gbèsè yín lọ́dọ̀ Experian, Equifax tàbí TransUnion. Kì í ṣe gbogbo báǹkì ní í ṣe é, kì í sì í ṣe ìgbà gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ kò lè mọ èyí tí yóò ṣe é fún yín. Ẹ tún ka lẹ́tà náà dáadáa. Ẹ ó rí i níbẹ̀ pé bí ipò owó yín bá yí padà, wọ́n lè gba ìlérí wọn padà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹrù £6,000 ni ẹ rà sórí káàdì. Bí báǹkì bá ka ìdá 3 nínú 100 gbèsè náà sí ohun tí ẹ ó máa san lóṣooṣù, £180 ti yọ kúrò nínú owó tí wọ́n gbà pé ẹ lè fi san mọ́gẹ́ẹ̀jì. Fún ìdílé tí ìṣirò rẹ̀ ti fún pinpin tẹ́lẹ̀, £180 tó láti sọ bẹ́ẹ̀ni di bẹ́ẹ̀kọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ ilé ìtajà fi “kò ní èlé fún ọdún mẹ́ta” tàn yín. Ohun tí kò ní èlé ṣì jẹ́ gbèsè, àkáǹtì tuntun ni, ìwádìí tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó fún yín yóò sì hàn sí ojú gbogbo ayánilówó.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan yóò sọ pé, “Èmi náà rà á bẹ́ẹ̀ ní 2003, kò sí ohun tó ṣe mí.” Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ayé ìgbà yẹn ti lọ. Nígbà náà, ẹnì kan lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye tó ń gbà níbi iṣẹ́ kí wọ́n sì gbà á gbọ́. Northern Rock ń yá àwọn ènìyàn ní owó tó tó ìdá 125 nínú 100 iye ilé, títí àwọn oníbàárà fi tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007 láti gba owó wọn jáde, tí ìjọba sì gbà á ní 2008. Láti oṣù kẹrin ọdún 2014, òfin ní kí ayánilówó yẹ owó tó ń wọlé àti gbèsè tó wà nílẹ̀ wò fínnífínní. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìmọ̀ràn 2003 gba ilé lọ́wọ́ ọmọ yín.

Èyí tó tún ń dùn wá jù ni ti ìnáwó ilé. Ìyá tàbí bàbá lè kú ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Ìlọrin nígbà tí completion ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fóònù yóò bẹ̀rẹ̀ sí dún: owó màlúù, owó aṣọ ẹbí, owó àga àti àtíbàbà. Ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun wà ní Lọ́ńdọ̀nù láìṣe nǹkan kan yóò ki káàdì bọ ẹ̀rọ, yóò fa owó jáde. Èlé bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Owó tí a fi káàdì fà jáde bẹ́ẹ̀ tún máa ń hàn lọ́tọ̀ nínú àkọsílẹ̀, ojú ẹni tí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ ni ayánilówó sì fi ń wo ẹni tó ṣe é. Ẹ̀yin ẹbí, bí ẹ bá mọ̀ pé ọmọ yín ń dúró de kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí ìsìnkú náà mọ níwọ̀n.

Bí báǹkì bá yọwọ́ kí wọ́n tó ṣe exchange, owó lọ́yà àti owó ẹni tó wá yẹ ilé wò ti lọ. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn exchange, ọ̀rọ̀ di ẹkún. Ẹ ti fọwọ́ sí i pé ẹ ó ra ilé náà, báǹkì ì báà wá, kó má wàá. Ẹni tó ń ta ilé lè gbẹ́sẹ̀ lé owó àsansílẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ ìdá 10 nínú 100. Lórí ilé £280,000, £28,000 nìyẹn, owó tí ìyá fi iṣẹ́ alẹ́ ní ilé àwọn arúgbó kó jọ fún ọdún mẹ́jọ. Òun nìkan kọ́ ni yóò jìyà. Ẹni tó ń ta ilé fún un ti fi owó náà ra òmíràn, onítọ̀hún náà ti ra ibòmíràn. Sófà kan lè mú ìdílé mẹ́rin dúró sójú títì pẹ̀lú ẹrù wọn nínú ọkọ̀.

A kò sọ pé káàdì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ o. A kò fara mọ́ àwọn tó ní kí a fi àlùmọ́gàjí gé káàdì sórí pẹpẹ. Gèlè ò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé. Bí ẹ bá ti ń fi káàdì ra epo mọ́tò àti oúnjẹ tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì ń san gbogbo rẹ̀ tán lóṣooṣù, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Òfin 1974 lórí ọ̀rọ̀ àwìn tilẹ̀ dáàbò bo ẹni tó fi í ra ọjà tí iye rẹ̀ ju £100 lọ, títí dé £30,000, bí ọlọ́jà bá jẹ owó náà mọ́lẹ̀. Gbèsè tuntun láàárín lẹ́tà àti kọ́kọ́rọ́ ni a ń bá jà.

A sì ń bá àwọn báǹkì àti búrókà náà jà. Kí ló dé tí ìkìlọ̀ yìí fi ń wà ní lẹ́tà wínníwínní lẹ́yìn ìwé, tí ìpolówó àwìn sì tóbi bí ilé? Láti oṣù keje ọdún 2023, FCA ti ní kí àwọn ilé iṣẹ́ owó máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lọ́nà tí yóò yé e. Ó yẹ kí ó wà lójú ìwé kìíní pé: ẹ má ṣe jẹ gbèsè tuntun títí ẹ ó fi gba kọ́kọ́rọ́. Bí búrókà yín kò bá sọ ọ́, ẹ bi í, kí ẹ sì ní kí ó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ti ná an ńkọ́? Ẹ má fi pamọ́. Ẹ sọ fún búrókà àti lọ́yà kí exchange tó wáyé, ẹ sì má fọwọ́ sí ìwé kankan títí wọn yóò fi dá yín lóhùn. Bí ẹ bá lè dá ọjà padà, ẹ dá a padà kíá, nítorí ó lè tó oṣù kan kí àkọsílẹ̀ tó fi hàn pé gbèsè ti lọ.

Ní ti ìjọ, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rí ilé máa dúró di ọjọ́ Ìsinmi tí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà lọ́wọ́. Bí ìdílé kan bá sì kó wọlé láìní ibi ìjókòó, àga oníke wà ní ìpamọ́ lẹ́yìn gbọ̀ngàn wa. Ẹ yá wọn ní mẹ́fà títí oṣù yóò fi parí.