Òṣùká lára fọ́tò Bàbá, àti ìwé tó ní wọn kò gba mẹ́dàlì

  

Lẹ́tà tí a ó yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọkọ tó lọ fẹ́ obìnrin mìíràn ní kọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe ti lándílọ́ọ̀dù tó fi owó kún owó ilé. Ìyá kan tó ń ta ata ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ló ní kí ọmọ ọmọ òun bá òun kọ ọ́. Ojú ìwé kan péré ni, bébà tí wọ́n ya látinú ìwé ọmọ iléèwé. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

“Bàbá mi lọ ja ogun Hítílà ní Bọ́mà. Wọ́n ti kú láti 1998. Àwọn kan nínú ẹbí ní irọ́ ni, wọ́n ní kúkù ni bàbá wa ṣe ní bárékè, wọn kò gbọ́ ìró ìbọn rí. Ìwé sọ́jà wọn wà lọ́wọ́ mi. Ibi tó yẹ kí wọ́n kọ mẹ́dàlì sí, wọn kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mo ń dàgbà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un kọ.”

Kí n má parọ́, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi tí n kò kà ju iléèwé girama lọ, tí mo ń gun ọ̀kadà kiri wá ìròyìn, ṣé èmi ni n ó tún ìwé ìjọba kọ? Mo ti lẹ́tà náà sábẹ́ àwọn tó kù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Mama fúnra wọn dé ọ́fíìsì wa. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé àpò wọn lé orúnkún, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ìwọ ni wọ́n ní o ń kọ ọ̀rọ̀ aráàlú? Àpótí Bàbá wà ní Oǹdó. Ìgbà wo la ń lọ?”

Kí ni mo fẹ́ sọ? A wọ mọ́tò ní Àkúrẹ́, a gba Ọ̀wẹnà kọjá. Inú mọ́tò ni Mama ti sọ èyí tí kò sí nínú lẹ́tà. Ní ọdún kan láàárín 1980 sí 1985, wọn kò rántí ọdún náà gan-an, Bàbá wọ kóòtù wọn, wọ́n lọ síbi ayẹyẹ ìrántí àwọn jagunjagun ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní. (Ọjọ́ yẹn ni ogun Biafra parí ní 1970, ìdí nìyẹn tí Nàìjíríà fi mú un. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é.) Àwọn ẹlẹgbẹ́ Bàbá ti so mẹ́dàlì mọ́ àyà, ó ń dán yanranyanran. Ọkùnrin kan tó ń to àga wá bá Bàbá, ó ní, “Bàbá, mẹ́dàlì tiyín dà?” Bàbá ní wọn kò fún òun. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bọ́ sẹ́yìn okùn lọ́dọ̀ àwọn èrò ìwòran. Bàbá kò jà. Wọ́n rìn wálé. Láti ọdún náà, bí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní bá ti dé, wọ́n á ti fèrèsé pa, wọn kì í ṣí i títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nígbà tí wọ́n kú, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ohun tí wọ́n máa kọ sára sàréè. Ẹ̀gbọ́n Mama, ọmọ ìyàwó àgbà, ní kí wọ́n má kọ sọ́jà síbẹ̀ rárá: “Ẹ má parọ́ mọ́ òkú.” Wọ́n kọ orúkọ, wọ́n kọ ọdún, ó parí. Ní báyìí, ọmọ Mama tó jẹ́ bíríkìlà ti tún sàréè náà ṣe. Ó fi àyè ìlà kan sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Àyè náà ṣófo ni.

Ẹ jẹ́ ká dé Oǹdó. Ilé àtijọ́ kan ni, kò jìnnà sí Ademulegun Road. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé sọ́jà ni ẹni tó ni orúkọ yẹn? Bìrìgédíà Samuel Ademulegun ni, ọmọ Oǹdó, tí wọ́n pa ní Kàdúná ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1966. Ẹ tún wo ọjọ́ yẹn kẹ̀.

Páànù bísíkíìtì tó ti dípẹtà ni Mama gbé jáde. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ìwé tí wọ́n fi dá Bàbá sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ sọ́jà, bọ́tìnì idẹ kan, àti fọ́tò kan tí igun rẹ̀ ti ya.

Ìwé ni mo kọ́kọ́ mú. 1946 ni wọ́n kọ ọ́. Orúkọ Bàbá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí orúkọ ìdílé wọn wà, “Ondo” ni wọ́n kọ. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà: bí orúkọ èèyàn bá ṣòro fún akọ̀wé láti kọ, orúkọ ìlú rẹ̀ ni yóò fi dípò. Nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA. Ibi mẹ́dàlì ṣófo lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ìrìn àjò òkè òkun sí, mo rí lẹ́tà mẹ́rin: S.E.A.C. Mama ní gbogbo ẹni tó ti bá òun ka ìwé náà ló ń fo ibẹ̀. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Tíṣà àgbà kan tó kọ́ wa ní ìtàn ni mo lọ bi léèrè. Wọ́n ní South East Asia Command ni, ilé-àṣẹ ológun tí Òyìnbó àti àwọn alájọjà wọn dá sílẹ̀ ní 1943 láti bá àwọn ará Japan jà ní ìhà Bọ́mà.

Inú mi dùn, mo fẹ́ fò sókè. Tíṣà ní kí n fara balẹ̀. Wọ́n ní èèyàn lè wà lábẹ́ ilé-àṣẹ yẹn ní Ceylon, kí ó má fojú kan Bọ́mà títí ogun fi parí.

Fọ́tò ló kù. Bàbá dúró gbọnrangandan ní ṣọ́ọ̀bù oníyàwòrán, ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Rìbọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ wà láyà wọn. Ṣùgbọ́n fọ́tò dúdú àti funfun ni, a kò lè mọ àwọ̀ rẹ̀. Ibi rìbọ́ọ̀nù yẹn ni mo tẹjú mọ́. Mama kò wo ibẹ̀. Èjìká ni wọ́n ń wò. Wọ́n fi ìka kàn án: “Ọmọ mi, òṣùká kọ́ nìyí?”

Mo wò ó. Ọ̀kọ̀ méjì ló dábùú ara wọn, wọ́n sì gba inú ohun roboto kan kọjá. Ẹni tó ti fi àádọ́ta ọdún ru igbá ata, ta ló fẹ́ kọ́ ọ mọ òṣùká?

Òṣùká ni lóòótọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì ni Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kó lọ sí Bọ́mà, Division 81 àti Division 82. Aláǹtakùn ni àmì ti 81. Ti 82 ni ọ̀kọ̀ méjì pẹ̀lú òṣùká aláàárù. Nínú igbó àti orí òkè Arakan tí mọ́tò kò lè gbà, orí ni wọ́n fi ń ru ọta ìbọn àti oúnjẹ, bí ẹ̀yin náà ṣe ń ru ẹrù yín. Ìparí 1944 ni Division 82 wọ ìjà ní Arakan, wọ́n sì wà lẹ́nu rẹ̀ wọ 1945. S.E.A.C. nínú ìwé, òṣùká ní èjìká, rìbọ́ọ̀nù láyà. Nígbà tí mo to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ fún Tíṣà, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní, “Èyí ti ń di ọ̀rọ̀.”

Ó dáa, kí ló dé tí ìwé fi ṣófo? Kò sí ẹni tó dìídì yọ orúkọ Bàbá. Rìbọ́ọ̀nù ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún sọ́jà nígbà ogun. Mẹ́dàlì onídẹ gan-an kò bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn títí di 1948, àní sọ́jà tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ló ní láti kọ̀wé béèrè tirẹ̀. Bàbá ti wà lóko kòkó wọn láti 1946. Ta ló fẹ́ wá sọ fún wọn nínú oko pé kí wọ́n kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù? Àwọn tó mọ̀wé, tàbí tí wọ́n ń gbé nítòsí ọ́fíìsì, ni wọ́n rí tiwọn gbà. Àwọn yòókù bọ́ sẹ́yìn okùn.

Ọ̀rọ̀ kúkù yẹn náà ń kọ́ mi lóminú. Mẹ́dàlì oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan wà fún ẹni tó ṣe akin, bí irú Military Cross tí Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, gbà fún ohun tí wọ́n ṣe ní Kóńgò. Èkejì wà fún gbogbo ẹni tó wà lójú ogun náà. Burma Star, ìràwọ̀ idẹ onígun mẹ́fà, èkejì yìí ló jẹ́. Sọ́jà tó bá ti ṣiṣẹ́ ogun ní Bọ́mà láàárín ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1941 sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1945 ló tọ́ sí. Kúkù wà nínú rẹ̀. Aláàárù wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí Bàbá bá tilẹ̀ se ìrẹsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tiwọn ni.

Ẹ sì wo Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile, ìlú tó wà lágbègbè Ọ̀wọ̀ nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọṣẹ́ sọ́jà ní 1942. Ìtọ́jú aláìsàn ni iṣẹ́ tiwọn, wọn kì í ṣe oníbọn. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ará Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan, ìbọn fọ́ egungun itan wọn. Àwọn àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, sá pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan níbẹ̀, Shuyiman, ló ń bọ́ wọn, bí àwọn ará Japan bá sì mọ̀, pípa ni wọ́n máa pa á. Oṣù Kejìlá 1944 ni àwọn sọ́jà Gurkha tó rí wọn. Wọ́n tiro títí ọjọ́ ikú wọn ní 2012. Ohun tó jẹ́ kí a mọ ìtàn yìí ni pé wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́, ó sì di ìwé ní 1999. Lẹ́yìn náà ni oníròyìn Òyìnbó kan, Barnaby Phillips, gbé lẹ́tà wọn lọ sí Bọ́mà, tó wá ẹbí Shuyiman rí. Bàbá tiwa kò kọ nǹkan kan. Òṣùká ló bá wọn sọ ọ́.

Àwọn kan ní ó ti pẹ́ jù. Kò pẹ́ jù. Ní 2021, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àwọn ọmọ ogun Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì jẹ́wọ́ pé ó kéré tán, 116,000 èèyàn tó kú sí ogun Kísà ti 1914 ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan, ọmọ Áfíríkà sì pọ̀ nínú wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọrọ àforíjì ní ilé aṣòfin wọn. Bí wọ́n bá lè wá orúkọ ọgọ́rùn-ún ọdún, tiwa kò le jù.

Kí ni Mama ṣe, kí ẹ̀yin tí irú rẹ̀ wà nílé lè mọ̀? Wọ́n lọ búra ní kóòtù pé ẹni tó ń jẹ́ “Ondo” nínú ìwé àti bàbá wọn, ẹnì kan náà ni. A ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, ojúlówó kò kúrò nínú páànù. Ọ́fíìsì mẹ́dàlì ní ilé-iṣẹ́ ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ti Bọ́mà ń lọ, nítorí ọba wọn ni Bàbá sìn. Ẹ̀yin tí bàbá yín ja ogun Biafra tàbí tó lọ sí Kóńgò, tiyín kò dé òkè òkun: Lọ́kọ́ja ni àkọsílẹ̀ àwọn sọ́jà Nàìjíríà wà, ẹgbẹ́ Nigerian Legion sì lè bá yín darí ìwé. Ẹ wá nọ́ńbà sọ́jà ná kí ẹ tó gbéra.

Ọkùnrin kan ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ sọ fún Mama pé kí wọ́n mú owó wá, ọjọ́ méje péré ni òun máa fi bá wọn gba mẹ́dàlì. Mo ní kí wọ́n má fún un ní kọ́bọ̀. Èèyàn lè ra ayédèrú Burma Star, kò tilẹ̀ sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára ojúlówó pàápàá. Ìwé tó sọ pé tiwọn ni la ń wá. Kò sì sí pẹ́ńṣàn lẹ́yìn mẹ́dàlì yìí o, kí ẹnikẹ́ni má fi ọkàn sí owó.

Ohun kan ló kù tó ń bà mí lẹ́rù: ọmọ tí òfin mọ̀ gẹ́gẹ́ bí arọ́pò ni yóò fọwọ́ sí i. Ìyẹn ẹ̀gbọ́n Mama, àwọn tó ní kí wọ́n má parọ́ mọ́ òkú. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mama kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n gbé fọ́tò náà lé wọn lọ́wọ́. Bàbá àgbà mú un lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

“Bàbá kò fi èyí hàn mí rí.”

“Inú páànù ló wà, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mi ò ní kí ẹ má kọ ọ́. Mo ní kí ẹ má parọ́.” Wọ́n nawọ́, mo fún wọn ní bírò. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i tán, wọ́n ní kí a ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà fún àwọn, kí ó tóbi díẹ̀.

A ti fi ìwé náà ránṣẹ́. Ọmọ Mama bi wọ́n bóyá kí òun máa kọ ọ́ sára sàréè lọ, sìmẹ́ńtì wà nílẹ̀. Mama ní rárá, kí èsì dé ná. Ó bá fi ọ̀rá bo àyè náà nítorí òjò, ó gbé òkúta lé e nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Oǹdó, Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀, ẹ yẹ fọ́tò àwọn bàbá yín wò, ẹ wo èjìká dáadáa. Bí ẹ bá rí aláǹtakùn tàbí òṣùká, ẹ kọ̀wé sí wa. Bí èsì Mama bá dé, ojú ewé yìí náà lẹ ó ti kà á.