Kì í Ṣe Ọwọ́ Ayé Ló Ń Dá Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Wa Lẹ́sẹ̀

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo mú wá lónìí, ẹ má sì bi mí pé kí ni ó kan nọ́ọ̀sì nínú bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti dé títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ọjọ́ Ajé kan kọjá kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tàbí méjì má tiro wọ dìsípẹ́ńsárì wa níhìn-ín ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì ti ní ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó farapa láàárín oṣù kan, ìwọ yóò gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ayé ló ń bá wọn jà, pé ẹgbẹ́ kejì ti ri nǹkan mọ́ inú pápá.

Èmi náà ń gbàdúrà, n kò sì bú ẹni tó ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Nígbà tí ìfarapa bá ń ya lu ẹgbẹ́ kan, ohun mẹ́ta ló yẹ kí á kọ́kọ́ wò: àìsinmi, ìpalára àtijọ́ tí kò tíì san, àti ara tí a kò múra rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà ní ìkáwọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí á fi Super Eagles ṣe àpẹẹrẹ. Ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ṣe ní Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2024. Kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rárá, Wilfred Ndidi ti farapa, wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Victor Boniface, ọmọ tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́, iṣan inú itan rẹ̀ bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Umar Sadiq náà farapa, ó sì kúrò láàárín wọn. Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin, kò tilẹ̀ bá wọn lọ, nítorí ìfarapa tirẹ̀ lòun ń tọ́jú. Ẹni mẹ́rin nìyẹn, ìdíje kò sì tíì bẹ̀rẹ̀!

Kí á tó ka ọ̀tá wọn, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ka iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni bọ́ọ̀lù ti ń lọ ní ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ti ń jẹun. Nínú líìgì tí ẹgbẹ́ Ndidi wà lọ́dún náà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 46 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbá, láìka ti ife-ẹ̀yẹ mìíràn mọ́ ọn. Àárín iṣẹ́ yìí ni a ti pè wọ́n wá. Àwọn tó kù gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7 láàárín ọjọ́ 29, láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní títí dé ọjọ́ 11 oṣù kejì, nígbà tí Côte d'Ivoire fi àmì-ayò 2 sí 1 borí wọn ní àṣekágbá. Ìgbà mẹ́ta ló jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láàárín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan àti èkejì.

Àgbẹ̀ Ìbàràpá mọ̀ pé ilẹ̀ tí a ń gbin iṣu sí lọ́dọọdún, tí a kò fi í sílẹ̀ kó sinmi, iṣu ibẹ̀ yóò máa kéré sí i ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan ara. Nígbà tí a bá fi ṣiṣẹ́ agbára, yóò ya wẹ́wẹ́ nínú, níbi tí ojú kò tó. Oorun, oúnjẹ àti ìsinmi ni ara fi ń tún un hun. Bí a kò bá fún un láyè, èyí tó ya wẹ́wẹ́ lánàá ni yóò já lọ́la. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2010, lórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan ní Yúróòpù, fi hàn pé nígbà tí wọ́n bá gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì lọ́sẹ̀, ìfarapa wọn máa ń tó ìlọ́po mẹ́fà ti ìgbà tí wọ́n bá gbá ẹyọ kan. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé eré sísá wọn kò dín kù rárá. Ojú agbábọ́ọ̀lù ń dán, ó ń sáré, inú kóòṣì ń dùn, bẹ́ẹ̀ ara ti gbó láti inú.

Ìpalára àtijọ́ ni èkejì. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kan wá sọ́dọ̀ mi ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo, ọrùn ẹsẹ̀ kan náà ló sì ń rọ́. Ní ìgbà kejì, mo ní kó jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ apàrora, wọ́n dì í ní báńdéèjì, wọ́n ní ọkùnrin ni, kó máa lọ. Ẹ gbọ́ o, ìrora ni olóde ara. Ẹni tó bá fi oògùn kun olóde lóorun kò lé olè lọ. Ó kàn ṣílẹ̀kùn fún un ni. Okùn tó so egungun ọrùn ẹsẹ̀ pọ̀ ti dẹ̀, ẹsẹ̀ náà kò sì mọ bí yóò ti tẹ ilẹ̀ dáadáa mọ́. Òkúta kékeré kan lórí pápá gbígbẹ ti tó láti gbé e ṣubú. Ọmọ àgbẹ̀ ni ọmọ yìí. Ẹsẹ̀ tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù náà ni yóò fi lọ oko, bí ó bá sì di arọ, àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un kò ní bá a kọ ebè.

Ti Awoniyi tún wá kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Nottingham Forest, ń bá Leicester gbá, ó sáré lu òpó gọ́ọ̀lù. Ẹ̀jẹ̀ kò dà sílẹ̀, ó dìde, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé ìfun rẹ̀ ti ya. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbà á là, wọ́n sì fi oògùn mú un sùn fọnfọn fún ìgbà díẹ̀. Ọpẹ́ ni pé ó yè. Bí ó bá jẹ́ pápá abúlé ni, bí a bá ní kó lọ sùn kó jí ńkọ́?

Ara tí a kò múra rẹ̀ sílẹ̀ ni ẹ̀kẹta. Àwọn ọmọ wa á ti orí ọ̀kadà sọ̀ kalẹ̀, wọn á wọ bàtà, wọn á kó sí pápá, ilẹ̀ sì le bí àpáta. Bẹ́ẹ̀ ìwòsàn rẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. FIFA ṣètò eré ìmárayá kan tó ń gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú: ẹ sáré díẹ̀, ẹ ṣe ohun tó ń mú itan àti ikùn le, ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró láìṣubú, ẹ tún sáré. Àwọn olùwádìí dán an wò ní Èkó láàárín àwọn ọmọkùnrin 416 láti ẹgbẹ́ 20, ọjọ́ orí wọn láti ọdún 14 sí 19. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2014 ni pé ìfarapa fi 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é. Bí ayé ló ń dá wọn lẹ́sẹ̀, ṣé 20 ìṣẹ́jú eré ìmárayá lè lé ayé lọ?

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, bí ẹsẹ̀ ọmọ yín bá rọ́, ẹ má ṣe fi omi gbígbóná jó o, ẹ má sì fi àbóníkí fà á ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́; yóò túbọ̀ wú ni. Ẹ fi aṣọ wé yìnyín, tàbí kí ẹ rẹ aṣọ sínú omi tútù, kí ẹ gbé e lé e fún nǹkan bí 15 ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́. Ẹ fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Bí kò bá lè fi í rìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí ẹsẹ̀ náà wọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun kí ẹnikẹ́ni tó tò ó. Bí ó bá fi ikùn gbá nǹkan, tí inú ń dùn ún, tí ikùn le, tí ó ń bì tàbí tí òógùn tútù ń bò ó, alẹ́ ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Kò sì gbọdọ̀ padà sí pápá títí yóò fi lè fi ẹsẹ̀ tó dùn ún nìkan dúró, kó fò, kó sáré kó sì yí padà lójijì, láìsí ìrora, láìsí abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìdíje nígbà ọdún ní Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀ àti ibi gbogbo, ọ̀rọ̀ yín ni mo fi kádìí rẹ̀. Ẹ yé mú kí ẹgbẹ́ kan gbá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kó tún gbá lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán, sáàárín, bí ìdíje yóò tilẹ̀ pẹ́ kó tó parí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ ṣa òkúta pápá kúrò ní àárọ̀ ọjọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi owó ra ife-ẹ̀yẹ, kó yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún báńdéèjì àti yìnyín, kó sì ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì tó bá wà nítòsí kó wá jókòó sí etí pápá. Bí ẹ bá pè mí, mo ń bọ̀.