Fóònù Ọmọọ̀ṣẹ́ Kì í Ṣe Ìwé Ṣọ́ọ̀bù

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù àga kan l'Ẹ́gbẹ́dá. Mi ò ní í dárúkọ wọn o, torí màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo ti san ìdajì owó, orí WhatsApp la sì ti ná an, ibẹ̀ ni mo ti mú àwọ̀, ibẹ̀ la ti dájọ́. Ọjọ́ pé, mo débẹ̀, làwọn màmá bá ń wò mí bí ẹni tí wọn ò rí rí.

"Bọ̀dá, ta lẹ bá sọ̀rọ̀?"

Mo dárúkọ ọmọ tó ń dá mi lóhùn, màmá bá káwọ́ lérí. Ọmọ yẹn ti bínú fiṣẹ́ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, fóònù ara ẹ̀ ló sì fi ń bá gbogbo kọsítọ́mà sọ̀rọ̀.

Tèmi ṣì dáa, gbogbo ohun tá a sọ wà nínú fóònù mi, mo ṣí i, màmá kà á, wọ́n gbà. Obìnrin kan tí mo bá níbẹ̀ ló ṣe mí láàánú. Wọ́n ti jí fóònù tiẹ̀ nínú ọkọ̀ n'Íkòtún. Ó ní tábìlì wà nínú owó tóun san, màmá ní àga nìkan ni. Báǹkì lè fi hàn pé owó wọlé, àmọ́ kò lè sọ ohun tí owó náà wà fún. Wọ́n pariwo títí. Ó sì ṣeé ṣe kó má sẹ́ni tó ń purọ́ nínú wọn.

Ẹ̀yin oníṣòwò Alímọ̀ṣọ́, àtọdún 2018 ni WhatsApp ti gbé èyí tó wà fún ọlọ́jà jáde, ọ̀fẹ́ sì ni. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù ni kẹ́ ẹ fi ṣí i, kí fóònù ẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó gba ẹ̀rọ mẹ́rin míì mọ́ra, ọmọ ṣọ́ọ̀bù lè máa fi ọ̀kan dáhùn. Lọ́jọ́ tó bá lọ, ọ̀gá á já a kúrò, ó tán. Ẹ lè lẹ àmì mọ́ orúkọ èèyàn: ẹni tó ti sanwó, ẹni tó kù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sórí Google Drive, torí àwọn olè ọkọ̀ ò ní í sinmi.

Ẹni tíṣẹ́ ẹ̀ bá ti fẹjú lè lo Zoho tàbí Odoo. Abẹ́ orúkọ oníbàárà kan lẹ ti máa rí ímeèlì ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ jọ sọ lórí fóònù, àtẹni tó dá a lóhùn, tẹ́ ẹ bá ṣáà ti ń kọ ọ́ sí i. Àwọn kan á ní àwọn ní lẹ́jà. Lẹ́jà dáa, àmọ́ iye owó ló ń kọ, kì í kọ àdéhùn.

Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí 2011 gba ohun tó bá jáde látinú kọ̀ǹpútà ní kóòtù, tẹ́ ẹ bá lè ṣàlàyé bó ṣe jáde. Kóòtù kékeré tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2018 sì ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí ò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi nọ́ńbà oníbàárà tọrẹ o, òfin tó dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn ti wà láti 2023.

Àga mi ti délé. Ní ti tábìlì obìnrin yẹn, wọ́n ṣì ń fà á nígbà tí mo kúrò níbẹ̀.