Orí Tí A Fi Fọ́ Àgbọn

Àwọn àgbà ní ẹni tí a bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kò ní í jẹ níbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Àṣé tíṣà ni wọ́n ń bá wí. Orí tíṣà ni dókítà ti fọ́ àgbọn tirẹ̀, ibẹ̀ náà ni adájọ́ ti fọ́ tirẹ̀, gómìnà kò sì yá orí ẹlòmíràn lò. Nígbà tí omi àgbọn wá ń ṣàn, a ní kí tíṣà gbójú sókè, pé ọ̀run ni èrè rẹ̀ wà. Èmi ò tíì rí ìyá onígààrí tó ń gba owó ọ̀run o.

Ariwo tó gba ìgboro báyìí ni pé olùkọ́ kò sí mọ́ ní àwọn ilé-ìwé ìjọba. Mo fẹ́ bá ariwo náà jiyàn díẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá bá kéde lọ́la pé òun fẹ́ gba olùkọ́, ẹ lọ wo èrò: oní-NCE, oní-dìgírì, àwọn tó ti gba oyè kejì pàápàá, wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ já ilẹ̀kùn wọlé. Ẹni tó fẹ́ wọlé kò wọ́n. Ẹni tí yóò dúró ló wọ́n. Ajere la gbé lọ sódò. Gbogbo ìjọba tó bá jẹ ló ń ka iye ìgbà tí òun bù, kò sí èyí tó ń bojú wẹ̀yìn wo bí omi ṣe ń jò sílẹ̀.

Ní sáà kẹta ọdún tó kọjá, mo bá ẹ̀gbọ́n mi kan dé oko rẹ̀. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba wà lẹ́bàá ọ̀nà abúlé náà, mo sì yà síbẹ̀ torí pé òjò ká wa mọ́nà. Kíláàsì kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà ló wà nínú yàrá kan ṣoṣo, olùkọ́ kan ló wà níwájú wọn, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sójú pátákó, ó pín in sí mẹ́ta, kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tirẹ̀. Àwọn ìkẹfà ń ṣe ìṣirò èlé owó, àwọn ìkẹrin ń ka ìwé sókè bí ẹni ń gba àdúrà. Ilẹ̀ àwọn ìkarùn-ún ṣófo, Àǹtí kò tíì kàn wọ́n. Ọmọkùnrin kan láàárín wọn kò dúró dè é ní tirẹ̀: ó ti tẹ orí ba, ó ń da ìṣirò àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tí èlé jẹ́.

Mo béèrè àwọn olùkọ́ yòókù. Ó ní wọ́n pe hẹ́ẹ̀dímásítà sí ìpàdé nílùú. Àwọn méjì tí ìjọba gbà pẹ̀lú rẹ̀ ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti bá a rìn, sà." Ọ̀kan mú ìwé wá láti ọsibítù pé ara òun kò gba eruku, ọkọ ìkejì mọ ẹnìkan tó mọ ẹnìkan. Àwọn méjèèjì ti wà nígboro. Òun náà kì í sùn ní abúlé, torí kò sí yàrá tí yóò gbà. Ọ̀kadà ló ń gbé e wá lárààárọ̀, ₦1,500 àlọ, ₦1,500 àbọ̀. Ogún ọjọ́ ni iṣẹ́ lóṣù: ₦60,000 rèé. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní 2024 kò ju ₦70,000 lọ. Ti olùkọ́ ga jù bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ bá mi wo ohun tí ọlọ́kadà ń gbà àti ohun tó ń kù sílé.

Níbi tí ihò ajere náà wà gan-an nìyẹn. A máa ń pariwo àwọn tó já lọ sí òkè òkun, a kì í pariwo àwọn tó já láti abúlé sí ìgboro. Ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní kí olùkọ́ kan máa kọ́ ọmọ 35 ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kó gbogbo olùkọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan pọ̀ lórí ìwé, tí ẹ sì fi pín àwọn ọmọ, ó lè bára mu dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé kan tí mo mọ̀ nígboro, tí kò jìnnà sí ọjà, olùkọ́ ju kíláàsì lọ. Abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn tó kù ń jókòó sí, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀fọ́.

Ká má purọ́, ọ̀wọ́n olùkọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò tó 460,000 ní 1954 di èyí tó lé ní 800,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti 1952 ni Stephen Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé ètò náà kalẹ̀, wọ́n sì ti ń ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ kí ọmọ àkọ́kọ́ tó wọ kíláàsì. Síbẹ̀ náà kò tó. Ọ̀pọ̀ ẹni tó dúró níwájú kíláàsì nígbà yẹn ni kò tíì dé ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan. Ohun tó yàtọ̀ ni pé tíṣà ìgbà náà ní ibi tó ń sùn. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, ilé tíṣà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó ni ilé-ìwé. Òun ló ń ka lẹ́tà fún bàbá àgbà, òun ló ń kọ èsì, iṣu tuntun kì í sì í jáde kí ó má dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Fágúnwà, tíṣà ni. Ọdúnjọ, tíṣà ni. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ti mú ṣọ́ọ̀kì rí.

Ìjà owó oṣù ni n kò ní fi àkókò ṣòfò lé lórí, torí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Láti 1931 tí wọ́n ti dá Ẹgbẹ́ Olùkọ́, NUT, sílẹ̀, tí Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, bàbá Fẹlá, jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, ni wọ́n ti ń jà á. Ní Àbújá ní 2025, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba wà ní títì fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta nítorí pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ kò san owó oṣù tuntun. Ọmọ ọlọ́rọ̀ kò mọ̀ pé ìyanṣẹ́lódì wà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín fún ìpínlẹ̀ lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 ní bí wọ́n ṣe ń ná an: nínú ₦100, ₦70 ni ti ilé, àga àti tábìlì, ₦15 ni ti ìwé, ₦15 ni ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Kọ́bọ̀ kan kò sí níbẹ̀ fún owó oṣù. Bí ilé-ìwé ṣe ń ní òrùlé aláwọ̀ búlúù nìyẹn, tí kò sì sí ẹni tí yóò dúró lábẹ́ rẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀. Síméǹtì kì í bínú, kì í béèrè àjẹmọ́nú, a sì lè gé kọ́ńtíráàtì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ láàárín ọ̀rẹ́. Wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwa ti wá gba ilé-ìwé gan-an ní ilé tí a kọ́.

Àwọn ará Ìlú Ọba kò tilẹ̀ fi bò pé àwọn náà kò ní olùkọ́ tó. Láti oṣù kejì 2023 ni wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún olùkọ́ láti Nàìjíríà kí wọ́n lè fi ìwé ẹ̀rí wọn gba àṣẹ ìkọ́ni ní England, lọ́dún náà gan-an wọ́n ya £10,000 sọ́tọ̀ fún olùkọ́ físíìsì tó bá kó wá láti òkèèrè. Mi ò bá ẹni tó lọ jà. Ẹni tó mọ iye tí ohun wa tó ló wá rà á.

Àwọn kan yóò ní tíṣà òde òní, ọ̀lẹ ni wọ́n, pé ankara ni wọ́n ń tà nínú yàrá olùkọ́. Òótọ́ ni fún àwọn kan. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n èmi mọ àwọn tí wọn yóò ta ankara bí wọ́n tilẹ̀ ń gba owó oṣù ọ̀gá báńkì; ẹ dá wọn dúró, kí wọ́n lọ gba ìsọ̀. N kò tìtorí wọn gbà pé kí ọmọbìnrin tó pín pátákó sí mẹ́ta máa jìyà. Òfin 2022 tó fi ọjọ́ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọdún 65 dára, ó dá àwọn àgbà dúró. Ta ni yóò dá ẹni ọgbọ̀n ọdún dúró?

Tí wọ́n bá bi mí, yàrá méjì àti kàǹga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé ni n óò kọ́kọ́ kọ́ kí n tó kọ́ yàrá ìkàwé mìíràn. Lẹ́yìn èyí, àjẹmọ́nú tí n óò so mọ́ àga, tí n kò ní so mọ́ ènìyàn: ẹni tó bá jókòó ní abúlé ló ni ín, ọjọ́ tó bá mú ìwé ọsibítù wá tó sì lọ sígboro, owó náà yóò jókòó de ẹni tó ń bọ̀. N óò sì wá ọmọ abúlé náà gan-an, n óò rán an lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ pẹ̀lú àdéhùn pé yóò padà wálé. Ẹni tí ìyá rẹ̀ wà ládùúgbò kì í tètè sá.

Mo pe Àǹtí yẹn lóṣù tó kọjá, láti béèrè bóyá mo lè kó ìwé díẹ̀ ránṣẹ́. Ó dúpẹ́, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà, ìwé tèmi náà ti jáde. Ìgboro ni wọ́n gbé mi sí." Mo ní ta ló wá wà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ó ní hẹ́ẹ̀dímásítà ń gbìyànjú, pé ní àwọn ọjọ́ tí ó bá lọ sípàdé, ọwọ́ ìyá tó ń ta ìrẹsì fún wọn ni kọ́kọ́rọ́ kíláàsì máa ń wà.