Àṣà Klingon àti Ìkọ́ni ní Àṣà Yorùbá

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà kan kì í dá dúró láàrin àwọn tí ó ni ín. Òótọ́ yìí hàn kedere nínú àṣà àwọn Klingon, ẹ̀dá àròsọ láti inú ayé mìíràn, tí wọ́n kọ́kọ́ hàn nínú eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1967.

Jagunjagun ni Klingon. Iyì ojú ogun ṣe pàtàkì lójú wọn ju ẹ̀mí lọ. Èdè wọn kò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún ìkíni. Èyí tí ó sún mọ́ ọn jù ni nuqneH, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ‘Kí ni o fẹ́?’ Lójú Yorùbá, tí ó ní ìkíni fún àárọ̀, fún iṣẹ́ àti fún ìjókòó, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni èyí. Lójú ẹni tí ó ń retí ogun nígbà gbogbo, ó bójú mu. Bí Klingon bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a la ojú òkú náà, wọn a sì ké ramúramù sókè láti kìlọ̀ fún àwọn òkú pé jagunjagun kan ń bọ̀. Lẹ́yìn èyí, èèpo lásán ni ara náà. Iyì kan náà ni ó fà á tí àbùkù baba fi ń di ti ọmọ.

Marc Okrand, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ni ó sọ èdè Klingon di odindi fún fíìmù Star Trek ti ọdún 1984. Ṣáájú èyí, ní 1977, ó ti ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé lórí gírámà Mutsun, èdè àwọn onílẹ̀ àtayébáyé kan ní California. Ẹni tí ó ti tú èdè gidi wò ni ó mọ bí a ṣe ń so ti àròsọ pọ̀.

Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, ńṣe ni a ń kọ́ àṣà Yorùbá bí ẹni ń ka ọjà orí àtẹ: ìkíni lónìí, ìsọmọlórúkọ lọ́la, ìsìnkú lọ́tùn-ún-la. Akẹ́kọ̀ọ́ a há a sórí, a kọ ọ́ nínú ìdánwò, a sì gbàgbé. Kò ní lè sọ ohun tí ó so ìdọ̀bálẹ̀ pọ̀ mọ́ ‘ẹ’ tí a fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀, àti mọ́ ìdí tí òkú àgbà fi jẹ́ ayẹyẹ tí ti ọ̀dọ́ sì jẹ́ ọ̀fọ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé àṣà ẹni kò tó kọ́ ọmọ ẹni ni? Ó tó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti mọ́ni lára kì í sábà múni béèrè ìdí. Kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀dá ìlú àròsọ kan. Kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn ará ibẹ̀ kà sí iyì, kí ó sì ti ibẹ̀ ṣàlàyé ìkíni wọn, orúkọ ọmọ wọn àti ìsìnkú wọn. Bí ó bá padà sí àṣà Yorùbá lẹ́yìn èyí, yóò lè béèrè ìdí tí a fi ń ṣe é, olùkọ́ náà yóò sì rí ohun gidi kọ́ ọ.