Ìtìjú Ni Ológò Fi Ń Jẹun

Àwọn kan ní ọmọlúàbí kì í sọ gbèsè rẹ̀ síta. N kò gbà. Láti ọdún 2015 títí di 2018, ìjọba Ọ̀ṣun kò san owó oṣù pé fún olùkọ́ tó wà ní ipele kẹjọ sókè. Ìdajì ni ẹlòmíràn ń gbà. Bí olùkọ́ Alékúwodò bá yáwó jẹun nígbà náà, ẹ̀bi ta ni?

Láyé àtijọ́, ológò a jókòó sílé onígbèsè, a máa pariwo, a sì pa adìẹ jẹ. Lónìí, àwọn ayánilówó orí fóònù ń ránṣẹ́ ìbanilórúkọjẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ ẹni. Àjọ FCCPC ti ń gbógun ti ìwà yìí láti 2022, ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó ń fara pamọ́ yóò ṣe fẹjọ́ sùn?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ ọ́ nílé. Ẹ tọ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù lọ kí ẹ tó tẹ fóònù yẹn.